Ògiri Gáréèjì tí Akínrẹ̀mí Ṣe

Náílọ̀n ńlá kan, irú èyí táwọn bíríkìlà máa ń tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré, pọ́n-ùn méjìdínlógójì àti ogójì pẹ́ńsì ni wọ́n tà á lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2023. Akínrẹ̀mí rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìkọ́lé lápá Chadwell Heath, ó gbé e lé èjìká, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Marks Gate. Awakọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé òkú ló gbé ni. Akínrẹ̀mí ní, "Rárá o, ilé ni." Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kó wọlé, kó ṣáà má fi gbá ẹnikẹ́ni lórí.

Ilé tó ń sọ yẹn, gáréèjì ni. Ẹ̀yìn ilé Ìyá Ṣọpẹ́ ló wà. Ìbíwùmí lorúkọ Ìyá Ṣọpẹ́ gan-an, opó ni, yàrá ilé ẹ̀ ló sì fi ń jẹun. Ó ti fi gbogbo wọn háyà, òun fúnra ẹ̀ wá ń sùn sí pálọ̀. Akínrẹ̀mí àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Godswill ni wọ́n jọ gba yàrá kan lókè, bẹ́ẹ̀dì méjì, ẹsẹ̀ èèyàn ò ráyè kọjá láàárín wọn. Ìjọ Aládùúrà kan náà ni èmi àti Akínrẹ̀mí àti Ìyá Ṣọpẹ́ ń lọ. Ohun tí mi ò fojú ara mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, Akínrẹ̀mí ló sọ ọ́ fún mi, ó sì máa ń sọ ọ́ bákan náà nígbà gbogbo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Láti kékeré ló ti wà nídìí pákó, nítorí iṣẹ́ pákó ni wọ́n ń ṣe lágbo ilé wọn. Ó mọ igi tó tutù yàtọ̀ sí igi tó gbẹ, tó bá ti fi ìka kàn án lásán. Ọdún 2004 ló dé London. Ó ní òun á ṣe iṣẹ́ káfíńtà, àmọ́ wọ́n ní kó mú ìwé wá, kò ní ìwé kankan. Ló bá wọ ilé ẹja dídì kan ní River Road. Ibẹ̀ ló ti ń gbé páálí ẹja àti adìyẹ wọlé, tó ń gbé e jáde, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì lọ́wọ́ kan. Ó fẹ́ ìyàwó nígbà kan rí, ìyàwó lọ. Kò bímọ. Àwọn àga gbọọrọ inú ìjọ wa, òun ló kan gbogbo wọn. Ẹ jókòó lórí ẹ títí di òní, kò ní dún.

Ẹni tó fẹ́ kó sínú gáréèjì ni Kúnmi, ìyẹn ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin bí, àti Ìyìn, ọmọ Kúnmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà. Fíísà àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ni Kúnmi fi wá, ní oṣù kejì ọdún yẹn. Ó tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, ìjọba gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́ wọ̀lú lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó mú un wá. Iṣẹ́ tán. Wọ́n ní kó wá ilé iṣẹ́ míì tó máa gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa palẹ̀ mọ́. Obìnrin tó gba Kúnmi àti ọmọ ẹ̀ sílé ní Barking fara dà á títí, nígbà tó yá ó ní àlejò òun náà ń bọ̀ láti Nàìjíríà.

Akínrẹ̀mí lọ bá Ìyá Ṣọpẹ́ ní kíṣìnì.

"Mà, ẹ jẹ́ n bá yín sọ gáréèjì yẹn di yàrá."

"Gáréèjì tí eku gan-an sá jáde níbẹ̀ nítorí òtútù?"

"Tí mo bá ṣe é tán, ẹ̀yin náà á fẹ́ lọ sùn níbẹ̀."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́. Kánsù ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé wọn ò gbà kéèyàn máa gbé gáréèjì?"

"Mo mọ̀, mà. Àmọ́ Kúnmi ò níbi tó máa lọ."

Ìyá Ṣọpẹ́ ro ata tó wà lórí iná títí. Ó ní igba pọ́n-ùn lóṣù, iná mànàmáná wà nínú ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gba géètì ẹ̀yìn wọlé, kí ọmọ má pariwo, tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, kí wọ́n ní àwọn ń gbé nínú ilé ńlá. Akínrẹ̀mí dọ̀bálẹ̀ sórí táìlì kíṣìnì. "Dìde jọ̀ọ́," Ìyá Ṣọpẹ́ ní, "má nu ilẹ̀ fún mi, mo ti nù ún."

Ògiri gáréèjì yẹn, bíríkì ẹyọ kan ṣoṣo ni. Téèyàn bá fọwọ́ kàn án láàárọ̀, á rò pé ẹja dídì lòun fọwọ́ kàn. Akínrẹ̀mí mọ̀ pé òwú ni wọ́n ń kì sínú ògiri kí òtútù má baà wọlé, òwú wúruwùru aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń yún èèyàn lára. Ó mọ̀ pé òwú ò gbọdọ̀ rí omi, tó bá ti rí omi ó parí, nítorí náà náílọ̀n gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá kù síbi tí náílọ̀n máa wà.

Èyí náà kò dààmú ẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń wo ògiri ilé ẹja dídì. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tú ògiri yẹn láti tún un ṣe, bákan náà ni: náílọ̀n níta, òwú nínú. Ó ti bi òyìnbó kan tó wá tún un ṣe rí, ìyẹn sọ fún un pé kí ọ̀rinrin má baà wọlé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí dáadáa, torí ohun tí wọ́n mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó náà nìyẹn. Òjò ló ń ba pákó jẹ́, ìta sì ni òjò ti ń wá. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé òjò rọ̀ láti inú yàrá?

Nítorí náà ó ta náílọ̀n mọ́ bíríkì yíká, ó gbé e gba òkè lábẹ́ òrùlé, kò fi ihò abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó to pákó, ó ki òwú sáàárín pákó, ó wá fi bọ́ọ̀dù bò ó, ó kùn ún. Níwájú, níbi tí ilẹ̀kùn irin wà, ó fi ilẹ̀kùn àti fèrèsé kékeré sí i. Lẹ́yìn, lókè, ó dá ihò kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri já, ó fi nẹ́ẹ̀tì sí i, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀. Láàárín òwú àti yàrá, yàtọ̀ sí bọ́ọ̀dù àti ọ̀dà, kò sí nǹkan kan.

Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, Kúnmi bú sẹ́kún. Ìyìn wọlé, ó fi imú fa gbogbo igun yàrá, ó ní, "Grandpa, ó ń run bíi bàtà tuntun." Grandpa ló máa ń pè é. Inú Akínrẹ̀mí dùn débi pé kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní látìgbà tóun ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tóun máa ṣe nǹkan tí èèyàn máa gbé inú ẹ̀.

Ibẹ̀ móoru lóòótọ́. Oṣù kọkànlá dé, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gé èèyàn létí níta, àmọ́ inú gáréèjì, síngílẹ́ẹ̀tì ni Ìyìn ń wọ̀. Kúnmi ń se ìrẹsì níbẹ̀, ó ń fọ aṣọ ilé ìwé ọmọ ẹ̀ níbẹ̀, ó ń sá a sórí okùn tó ta láti ògiri sí ògiri. Ó tún ń di irun fún àwọn ará ìjọ. Wọ́n máa ń ti ìdí irun àtọwọ́dá tí wọ́n bá dì bọ omi gbígbóná kó má baà tú, nítorí náà kẹ́tùlù ò sinmi. Láàárọ̀, omi á ti máa ṣàn lójú fèrèsé bí ẹni tó ń sunkún. Kúnmi á fi táwẹ́lì nù ún. Ó ní bí ìlú òyìnbó ṣe rí nìyẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni sùtánà. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kọkànlá, Kúnmi wọ sùtánà funfun ẹ̀ wá sí ìjọ, àwọn màmá tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbọnwọ́ gún ara wọn. Ẹ̀yìn aṣọ náà kún fún àmì tó-tò-tó dúdú, kéékèèké, bí ẹni fi ìka tó ní eérú tẹ̀ ẹ́. Kúnmi ní òun fọ̀ ọ́, òun sì fi kọ́ sára ògiri ni. Wọ́n ní ta ló wá fọwọ́ kàn án? Ó ní kò sẹ́ni tó wọ yàrá òun. Ariwo wá ta. Aṣọ ìyàsímímọ́ tí ọwọ́ àìrí tẹ̀ lámì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wa. Èmi náà rí i. Ẹ̀rù bà mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ìyìn. Ikọ́ kékeré, bíi ti ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun. Nígbà tó yá, tó bá sùn, àyà ẹ̀ á máa sú fèé. Òun fúnra ẹ̀ ń fi ṣeré. Ó ní, "Grandpa, gbé etí síbí, ẹyẹ wà nínú mi."

Kúnmi lọ bá Wòlíì Olúkáyọ̀dé. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Wòlíì, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Ó gbàdúrà, ó dákẹ́, ó ní, "Mo rí ògiri kan. Mo rí ihò lókè ògiri náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé." Wòlíì ò dé gáréèjì yẹn rí. Akínrẹ̀mí wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé ihò afẹ́fẹ́ tóun dá lu ni. Wòlíì ní kí wọ́n dí ihò náà. Kí wọ́n tan àbẹ́là méje yí basíà omi ká láàárín yàrá, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n máa ka Sáàmù títí àbẹ́là á fi jó tán, fún ọjọ́ méje.

Akínrẹ̀mí fúnra ẹ̀ ló fi fóòmù dí ihò náà, ó sì fi pákó kàn án pa. Ó kàn án dáadáa, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ jákujàku.

Wọ́n ṣe ọjọ́ méje náà. Àbẹ́là jó, omi inú basíà ń dínkù lójoojúmọ́, Kúnmi ní àdúrà ló ń gbé e lọ. Lóòótọ́ sì ni, fún bí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ikọ́ náà rọlẹ̀. Gbogbo wa dúpẹ́. Nígbà tí oṣù kejìlá fi máa parí, ó padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n tún tan àbẹ́là.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní, ọdún 2024, Akínrẹ̀mí ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán, ó bá Ìyìn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún. Ó fẹ́ kí Grandpa ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde tán lẹ́nu ẹ̀. Ètè ẹ̀ ti ń dà bí ẹni mu íńkì. Akínrẹ̀mí gbé e bọ́ síta láìwọ bàtà, ó ń pariwo kí wọ́n pe ámbúláńsì. Ìyá Ṣọpẹ́ ló pè é. Ohun tó sọ fún wọn ni pé inú ilé ńlá lọmọ náà wà.

Ní ọsibítù lápá Romford, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, èéfín oògùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí èémí ẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀, dókítà kan, ọmọbìnrin kékeré tó wé gèlè dúdú, wá jókòó tì wọ́n. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń mu sìgá nílé. Wọ́n ní rárá. Ó béèrè bóyá ológbò wà. Wọ́n ní rárá. Ó wá béèrè bóyá ibi tí ọmọ ń sùn ní ọ̀rinrin, bóyá ògiri ẹ̀ ń bu.

Kúnmi ní, "Rárá, dókítà. Ó gbẹ."

Akínrẹ̀mí náà da sí i. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe ògiri yẹn. Gbígbẹ ni." Kò parọ́. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí èémí ọmọ bá dúró báyìí, ó lè máa lọ sílé lọ́jọ́ Fúráìdeè.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Akínrẹ̀mí lọ sí gáréèjì láti kó aṣọ Ìyìn. Síwẹ́tà kan ti bọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ó wọ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri kó lè mú un. Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì náà dúdú. Ògiri tó wà níbẹ̀, láti ilẹ̀ dé ibi tí orí ọmọ máa ń wà, ó bu, dúdú kirimú, ó ní irun bíi ti ẹ̀yìn kòkòrò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́ọ̀dù. Àtàǹpàkò wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ.

Ó mú ọ̀bẹ, ó gé e. Òwú tó wà nínú ẹ̀ ti di bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ó fún un, omi ń ṣàn dé igbọnwọ́ ẹ̀. Pákó ìsàlẹ̀ ti jẹrà. Ojú náílọ̀n tó kọjú sí òwú, omi lẹ̀ mọ́ ọn tó-tò-tó, ó ń ṣàn wálẹ̀. Ó ní inú wá bí òun sí òjò. Ó ní òun rò pé ibì kan ti lu. Ló bá fi ọ̀bẹ ya náílọ̀n, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ̀, ó kan bíríkì.

Bíríkì gbẹ.

Ó kàn án ní ibòmíì. Ó gbẹ. Ó tutù, àmọ́ ó gbẹ kangbẹ. Ó jókòó sílẹ̀. Omi ò ti ìta wá.

Abdulrahman ló ń tún ẹ̀rọ àti ògiri ṣe ní ilé ẹja dídì, ọmọ Ìlọrin, òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó àtijọ́ yẹn. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, Akínrẹ̀mí dá a dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Abdul, ibo ni náílọ̀n máa ń wà lára ògiri yìí?"

"Ìta. O ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wò ó, àbí ojú ń dùn ẹ́?"

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìta?"

"Nítorí ìta ló móoru. Ibi tó bá móoru ni ọ̀rinrin ti ń wá, ibi tó tutù ló ń lọ, tó bá débẹ̀ á di omi. Náílọ̀n lo fi ń dá a dúró kó tó dé ibi tó tutù."

"Tó bá wá jẹ́ ilé tí èèyàn ń gbé ńkọ́?"

"Inú nìyẹn! Ilé èèyàn, inú ló móoru. Èémí wọn, ọbẹ̀ wọn, ìwẹ̀ wọn, gbogbo ẹ̀ omi ni. Ta ló ń gbé inú fìríìjì?" Abdulrahman bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀bú, má sọ fún mi pé o lọ kọ́ ilé ẹja fún èèyàn o." Ó wo ojú Akínrẹ̀mí. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Àbẹ́là ńkọ́?" Akínrẹ̀mí ní. "Tí wọ́n bá tan àbẹ́là níbẹ̀?"

"Àbẹ́là náà ń mú omi jáde tó bá ń jó. Ihò afẹ́fẹ́ wà ńbẹ̀, àbí?"

"Mo dí i."

Abdulrahman gbé irinṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé mo lè tún un ṣe kó tó di ọ̀la?"

"Ọ̀la kẹ̀? Nínú òtútù yìí? O máa tú gbogbo ẹ̀, o máa da òwú nù, o máa jẹ́ kí pákó gbẹ, ìyẹn títí oṣù karùn-ún. Èyí tó ti bu, sísun ni. Kí ọmọ kankan má sùn níbẹ̀."

Akínrẹ̀mí ò parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ná, ó bi Ìyá Ṣọpẹ́ bóyá Kúnmi àti ọmọ ẹ̀ lè sùn nínú ilé ńlá. Ìyá Ṣọpẹ́ ní gbogbo yàrá ló kún, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n lè sùn sí pálọ̀ lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ méjì. Akínrẹ̀mí ní, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ńkọ́, mà? Ìyá Ṣọpẹ́ ní, "Ṣé o ò lè kùn ún ni? Ṣebí ọ̀dà ni nǹkan tó dúdú ń fẹ́."

Akínrẹ̀mí kọrí sí Romford. Ó pe Kúnmi síta, sí ọ̀nà tó gùn láàárín wọ́ọ̀dù. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ó ní òun máa sọ fún dókítà.

Kúnmi di apá ẹ̀ mú. "Àǹkú, ẹ má sọ ọ́. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Wọ́n á bi mí ibi tí mò ń gbé. Wọ́n á bi mí níwèé. Wọ́n á ní mi ò mọ ọmọ tọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ibẹ̀ ò dáa, Kúnmi."

"Mo máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mi ò ní sá aṣọ síbẹ̀ mọ́. Mo máa nu ògiri láàárọ̀, mo máa nù ún lálẹ́."

"Inú ògiri ló wà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń nù."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é! Ẹ̀yin lẹ ní ó dáa!"

"Èmi ni."

"Ilé iṣẹ́ kan ti ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ rí mi. Ẹ jẹ́ kí n ríṣẹ́ ná. Ọ̀sẹ̀ kan péré, Àǹkú."

Akínrẹ̀mí sọ fún mi pé ó kù díẹ̀ kóun gbà. Ó ní òun ń wo Ìyìn láti ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ bísíkíìtì, tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á dúró kó mí, á tún jẹ. Ó ní ìdúró yẹn ni òun ò lè gbé mì.

Ó lọ bá nọ́ọ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì tó ní ò pọ̀, àmọ́ ó tó. Ó ní ohun tí òun sọ fún dókítà kì í ṣe òótọ́. Ó ní gáréèjì ni ọmọ náà ń sùn. Ó ní ògiri ẹ̀ kún fún omi, òun ló ṣe é, òun ló tún dí ihò afẹ́fẹ́, kì í ṣe ìyá ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní kó dúró de dókítà, ó dúró, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Wọn ò jẹ́ kí Ìyìn lọ sílé lọ́jọ́ Fúráìdeè. Wọn ò sì gbà á lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Wọ́n kó àwọn méjèèjì sí yàrá kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, lọ́nà tó jìnnà, níbi tí wọn ò ti mọ ẹnì kankan. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ yẹn fẹ́ rí Kúnmi, òun àti àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé ló jọ wà níjókòó, kò lè lọ. Kò rí ilé iṣẹ́ míì. Dókítà ní àyà Ìyìn á máa dùn ún fún ìgbà pípẹ́, ó ní ká ní wọ́n dá a padà sínú yàrá yẹn ni, òun ò mọ ohun tóun ì bá sọ. Kúnmi ò pe Akínrẹ̀mí mọ́. Nínú oṣù kẹjọ, ó mú ọmọ ẹ̀, wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹnu àwọn ará ilé ni Akínrẹ̀mí ti gbọ́ pé wọ́n ti dé. Wọ́n ní Ìyìn wà láàyè, ó ń lọ sí ilé ìwé, kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sáré, oògùn tó ń fà sẹ́nu sì wọ́n gan-an níbẹ̀.

Nínú ìjọ, wọn ò lé Akínrẹ̀mí. Àmọ́ tó bá jókòó, àga á ṣófo lọ́tùn-ún, á ṣófo lósì. Ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní, "Bọ̀dá Akin, ẹ jọ̀ọ́ o, iná kan ti kú ní ẹ̀yìn pẹpẹ, ẹ má tíì sọ fún kánsù." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Akínrẹ̀mí náà rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé àkàbà, ó pààrọ̀ iná náà. Wòlíì ò sọ nǹkan kan nípa ihò yẹn mọ́, àwa náà ò bi í.

Àwọn kánsù ti wá ní oṣù kejì, torí ọsibítù ti fi tó wọn létí. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n fi ìka tẹ ògiri. Wọ́n ní kí Ìyá Ṣọpẹ́ tú gbogbo ẹ̀, kó sì san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin pọ́n-ùn. Akínrẹ̀mí ló tú u. Òun nìkan ló kó òwú tútù yẹn sínú àpò dúdú, ó wúwo bí ẹran. Lọ́jọ́ tó tú u tán, Ìyá Ṣọpẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, Akínrẹ̀mí. Mo gbà ẹ́ sílé, mo gba ẹbí ẹ, o fi ẹnu ara ẹ tà mí."

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo ṣe ògiri. Ìdajì ẹ̀ wà lọ́rùn mi."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ibo lo ti máa rí i?"

"Mà á san án."

"Kó o san án láti ibòmíì. Kó ẹrù ẹ."

Ó kó o. Ó rí àyè bẹ́ẹ̀dì kan lápá Abbey ní Barking, nínú yàrá tí àwọn mẹ́ta ń gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ Sátidé kún tàtẹ̀yìnwá. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, tí wọ́n bá ti sanwó fún un, á wọ bọ́ọ̀sì láti Barking lọ Marks Gate, á kan ilẹ̀kùn, á na ọgọ́jọ pọ́n-ùn sí Ìyá Ṣọpẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn á gbà á, á tilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn tó bá kí i. Oṣù kejìlá, ó fún un ní omi, ó mu ún lórí ìdúró. Kò pa oṣù kankan jẹ. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ọgọ́rin pọ́n-ùn, ogún-ogún mẹ́rin. Ìyá Ṣọpẹ́ kà á lójú ẹ̀, ó pé. Ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn ló san lápapọ̀, ó sì san án tán lọ́jọ́ Fúráìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2025, ní agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.